Bí omi ọkà wa ṣe wá dùn

Ọkà bàbà la fi ń pọn ọtí ní Ọ̀fà níbí. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé omi ọkà náà, ìyẹn omi tá a ń rí lára ọkà ká tó sọ ọ́ di ọtí, kì í dùn tó, á kàn ki bí ẹ̀kọ ni, yíìsì tó ń sọ ṣúgà di ọtí kì í sì í rí ṣúgà jẹ nínú rẹ̀.

Èròjà inú ọkà híhù tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà kì í fara da ooru tó bá ti ju ìwọ̀n Celsius 70 dáadáa. Bẹ́ẹ̀, sítáàṣì ọkà bàbà kì í jinná tán tí ooru kò bá tó bíi 75. Bálì, ọkà táwọn òyìnbó fi ń pọn bíà, kò ní wàhálà yìí, torí ooru tó kéré sí ìyẹn ló ń mú sítáàṣì tiẹ̀ jinná. Abájọ tí iṣẹ́ fi pọ̀ fáwọn iléeṣẹ́ ọtí nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó bálì híhù wọlé láti òkè òkun ní 1988, tí wọ́n wá ní láti lo ọkà ilẹ̀ wa bí ọkà bàbà!

Ìyá apọntí kan ló là wá lójú: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má se gbogbo ẹ̀ pọ̀." A po ọkà híhù tá a lọ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó silẹ̀, a rọra da omi orí rẹ̀ tó tòrò sọ́tọ̀. Inú omi yẹn ni èròjà náà wà. A se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ jinná, a jẹ́ kó tutù dé bíi 65, a wá da omi àkọ́kọ́ padà sí i. Ó dùn, kò ki mọ́. A kán ayodíìnì, oògùn tó máa ń dúdú tó bá kan sítáàṣì, sí i, kò dúdú.