Bí a ṣe ń tún géèjì ooru ẹ́ńjìnnì ṣe nínú ọkọ̀ àtijọ́

Púpọ̀ nínú Corolla, Carina àti Camry ayé 1990 tó ṣì ń rìn nígboro ni géèjì ooru wọn ti kú, tí ẹni tó ń wà wọ́n kò sì bìkítà. Ó yẹ ká bìkítà. Abẹ́rẹ́ kékeré yẹn ló ń ta wá lólobó pé omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ń gbóná jù, kí gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí àárín irin ẹ́ńjìnnì pa, tó jó. Èmi fúnra mi ti ra dáṣíbọ́ọ̀dù tókúnbọ̀ sí Corolla mi rí, torí rewáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) kan ní ti inú ọkọ̀ náà ti bàjẹ́. A pààrọ̀ rẹ̀ tán, abẹ́rẹ́ kò mira. Wáyà ló já. Látìgbà náà, n kì í náwó kí n tó dán wáyà wò.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí rédíétọ̀, torí ìdérí rẹ̀ há omi mọ́ inú débi pé ó lè gbóná ju 100°C lọ; bí ẹ bá ṣí i ní gbígbóná, ó lè bó yín lójú. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló máa yí sẹ́ńsọ̀ (ohun kékeré tó ń wọn ooru omi fún géèjì) ká, abẹ́rẹ́ á sì jókòó sísàlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná. Ẹ bu omi kún un, kí ẹ sì wá ibi tó ti ń jò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá tamosítáàtì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ló máa ń yọ ọ́ sọnù, wọ́n ní kí ọkọ̀ má baà gbóná. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi á máa yí láìdúró, abẹ́rẹ́ kò sì ní kúrò lẹ́bàá C (ibi tútù lójú géèjì) tí ẹ bá ń sáré ní ọ̀nà márosẹ̀. Géèjì kò ṣẹ̀ nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota wọ̀nyí, nǹkan bí 82°C ni tamosítáàtì ń ṣí. Ẹ fi tuntun sí i.

Ṣé géèjì epo náà kú? Ẹ yẹ fíúsì tí wọ́n kọ GAUGE sí wò. Nínú ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé 1960 àti 1970, àpótí kékeré kan wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń dín iná bátìrì kù fún géèjì méjèèjì. Bó bá bàjẹ́, àwọn méjèèjì á jọ máa purọ́ ni.

Bí ooru nìkan ló kú, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá sẹ́ńsọ̀ nítòsí ibi tí omi ti ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sí rédíétọ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí ó lè ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀. Èyí tó ní wáyà méjì, ti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni. Wáyà ẹyọ kan ló máa ń wà lórí ti géèjì. Ẹ yọ wáyà ẹyọ kan yẹn, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sítáàtì ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní C. Ẹ wá fi gílóòbù kékeré, irú ti inú dáṣíbọ́ọ̀dù, sáàárín ẹnu wáyà yẹn àti irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà. Gílóòbù yẹn ni kò ní jẹ́ kí iná tó pọ̀ jù ba géèjì jẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè, ẹ tètè mú un kúrò: géèjì àti wáyà dára, sẹ́ńsọ̀ ló kú.

Bí kò bá mira, wáyà ti já tàbí géèjì ti kú. Ẹ fa wáyà míì láti ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù wá síbẹ̀, kí ẹ tún un dánwò kí ẹ tó dá géèjì lẹ́bi. Inú róbà ni tèmi ti já, ojú kò lè rí i. Tí abẹ́rẹ́ bá sì lọ dúró ní H (ibi gbígbóná) nígbà tí ẹ ti yọ wáyà kúrò, ara wáyà náà ti bó, ó ń kan irin níbì kan.

Kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀, ẹ yọ ti àtijọ́, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n nínú omi gbígbóná: ẹnu kan mítà lórí rẹ̀, ẹnu kejì lára rẹ̀. Bí omi ṣe ń gbóná sí i ni iye ohm (bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà tó) gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀. Bí kò bá yí padà, ó ti kú.

Tí ẹ bá ń de tuntun, ẹ má fi téèpù funfun àwọn púlọ́ńbà wé e nípọn. Ara sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi ń gba ẹ́ọ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, láti ara ẹ́ńjìnnì. Bí téèpù bá là wọ́n láàárín, abẹ́rẹ́ kò ní sọ òótọ́. Ẹ fi sáńdípépà ha ẹnu wáyà tó bá ti dípẹtà.

Ẹ bu omi àti kúláǹtì sí i, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì láì tíì dé rédíétọ̀, kí ẹ máa fún họ́ọ̀sì òkè títí ìfófò á fi tán. Ẹ wá dé e, kí ẹ wà á jáde. Láìpẹ́, abẹ́rẹ́ á gòkè dúró díẹ̀ nísàlẹ̀ àárín. Nínú gosíló, ó lè sún sókè díẹ̀, fáànù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á sì padà sí ibi tó wà.