Adẹ́ńdọ̀m tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó báǹkì lórí tẹ́ńdà kan ṣoṣo, ìyẹn ìwé tá a fi ń du iṣẹ́, torí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan n'Ìbàdàn níbí yí ìwé tẹ́ńdà wọn padà, wọ́n wá lẹ adẹ́ńdọ̀m ẹ̀, ìyẹn bébà tó sọ ohun tí wọ́n yí padà, mọ́ bọ́ọ̀dù, wọn ò fi ránṣẹ́ sí àwa tá a sanwó ra ìwé, bẹ́ẹ̀ íméèlì wa wà lọ́wọ́ wọn.

Iṣẹ́ borehole ni. CAC (ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́), ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, PENCOM (owó ìfẹ̀yìntì), ITF (ìdálẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́), NSITF (ti òṣìṣẹ́ tó bá fara pa), gbogbo ìyẹn wà nílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ló rí bébà yẹn, ó yà á sórí WhatsApp: táńkì ti tóbi sí i, jẹnẹrétọ̀ ti di sólà, wọ́n sì ti sún ọjọ́ tí wọ́n máa gba tẹ́ńdà síwájú.

Ọjọ́ tí wọ́n sún yẹn ló dá mi lóró jù. Báǹkì ti kọ bid security fún wa, ìyẹn ìwé tí báǹkì fi ṣe onígbọ̀wọ́ wa lórí tẹ́ńdà, ó ní ọjọ́ tó máa kú, ìdá 2 nínú 100 iye tá a kọ ni wọ́n sì ní kó jẹ́, ibi tí òfin 2007 lórí gbígbé iṣẹ́ ìjọba jáde (Public Procurement Act) gbà kó ga dé nìyẹn. Iye iṣẹ́ ti yí, torí náà ọjọ́ gbọ́dọ̀ yí, owó gbọ́dọ̀ yí. Mo gba Dugbe lọ, ọmọ báǹkì ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba lẹ́tà wá lọ́wọ́ wọn." Mo débẹ̀, wọ́n ní lẹ́tà wo, ṣebí ó wà lára bọ́ọ̀dù. Báǹkì ní àwọn ò gba fọ́tò. Mo tún padà, mo jókòó ti ọ̀gá procurement, ẹni tó ń bójú tó tẹ́ńdà níbẹ̀, títí ó fi buwọ́ lu kọ́pì kan tó sì lu òǹtẹ̀ sí i. Báǹkì kọ tuntun, wọ́n gba owó wọn pé bí ẹni pé a ò san kọ́bọ̀ rí!

Àmọ́ iṣẹ́ wa dáa, mo lè fọ́nnu. A ò fi sólà nìkan mọ, a tún gbogbo BOQ (ìwé iye ohun èlò àti owó wọn) ṣe, torí táńkì ńlá ń fẹ́ irin tó le sí i lábẹ́ ẹ̀. A kọ nọ́ńbà adẹ́ńdọ̀m sínú lẹ́tà tẹ́ńdà pé a ti rí i gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àpótí, ọjọ́ àtijọ́ ló wà lára bid security àwọn kan, ó sì dùn mí fún wọn.

Ní tèmi o, mi ò ní jẹ́ kí báǹkì kọ bid security mọ́ títí ọjọ́ á fi sún mọ́lé dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ra ìwé tẹ́ńdà, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lọ́jọ́ náà pé íméèlì báyìí ni kí wọ́n fi àyípadà ránṣẹ́ sí, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí kọ́pì yín. Tí wọ́n bá ṣì fi yín sílẹ̀, òfin gbà yín láyè láti kọ ẹ̀sùn sí ọ̀gá àgbà wọn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15 tẹ́ ẹ mọ̀. Mo ti kọ tèmi.