Bí ẹ ṣe lè jà fún hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà wọ́ọ̀dù yín

Ẹ̀yin ará, tó bá jẹ́ pé wọ́n máa ń ti hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yín pa lálẹ́, tí oògùn ò sí, tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń dá gbogbo ẹ̀ ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ́kọ́ lọ bú nọ́ọ̀sì yẹn. Òun kọ́ ló ń pín owó.

Òfin ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2014 ló dá owó kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Basic Health Care Provision Fund, láti 2019 ni wọ́n sì ti ń pín in. Ara ẹ̀ máa ń wọ àkáǹtì hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tí wọ́n bá mú ní wọ́ọ̀dù tààrà, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ bi mátírọ́ọ̀nù yín bóyá tiyín wà lára ẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, ìwé ètò ìnáwó gbọ́dọ̀ wà, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní WDC sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ibi ìgbìmọ̀ yìí gan-an ló ti ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ àdúgbò o, torí orúkọ lásán ló wà nínú ìwé, wọn kì í jókòó ṣèpàdé. Ẹ bá baálẹ̀, ìyálọ́jà, lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tún un yàn, kí ẹ sì fi àwọn ìyá ọmọ sí i, àwọn lojú wọn ń rí màbo níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra ìwé kan kí ẹ máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá kọ “kò sí ìtọ́jú”, wọ́n á kàn mi orí ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé “Tuesday, aago mẹ́wàá alẹ́, aláboyún ń rọbí, ìlẹ̀kùn wà ní títì, ọ̀kadà la fi gbé e lọ sígboro”, ta ló máa jiyàn ẹ̀? Ẹ má kọ orúkọ aláìsàn o, àṣírí ẹ̀ ni.

Tí ìwé yẹn bá ti ní ọ̀rọ̀ nínú, ẹ mú nǹkan kan tàbí méjì péré, ẹ má to ogún nǹkan jọ. Tèmi, ẹni tó máa sùn síbẹ̀ lálẹ́ ni màá kọ́kọ́ bèèrè, torí ìrọbí ò mọ òru, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì ń dà lẹ́yìn ìbímọ lè pa èèyàn kílẹ̀ tó mọ́. Nọ́ọ̀sì ò sì lè sùn síbi tí kò sí yàrá, kò síná, kò sómi, kò sí ọlọ́dẹ, nítorí náà ẹ bèèrè ìwọ̀nyẹn mọ́ ọn.

Ẹ kọ lẹ́tà, kí àwọn èèyàn buwọ́ lù ú, kẹ́ni tí ò mọ̀wé tẹ̀ka. Alága káńsù lẹ máa kọ ọ́ sí, kí káńsílọ̀ àti bọ́ọ̀dù ìlera alábọ́ọ́dé ìpínlẹ̀ gba kọ́pì, torí tó bá jẹ́ alága nìkan lẹ bá fún, ó lè ní gbígba nọ́ọ̀sì kọ́ niṣẹ́ òun. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí kọ́pì tiyín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ tètè gbé e lọ, bíi August tàbí September, kí bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ má ti parí. Tí wọ́n bá dákẹ́, òfin Freedom of Information ti 2011 ní ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè bí wọ́n ṣe náwó, láìsọ ìdí, ọjọ́ méje ni wọ́n fún wọn láti dáhùn.

Àwọn olóṣèlú á gbọ́, wọ́n á wá fi ọjọ́ kan pín oògùn àti awò ojú. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, àmọ́ kí ẹ sọ fún wọn lójú gbogbo èèyàn pé lẹ́tà yín ṣì wà nílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé àsíá ẹgbẹ́ kankan kọ́ ìpàdé yín lọ́rùn.

Tí ohun tẹ́ ẹ bèèrè bá dé, kí WDC àti mátírọ́ọ̀nù jọ kà á, kí wọ́n kọ iye owó tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi rà sórí ìwé gàdàgbà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi táwọn aláìsàn ń jókòó sí. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀.