Oòrùn jó awọ: àwọn àṣìṣe tó ń sọ ìrora di egbò

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé a gbà pé oòrùn kì í jó aláwọ̀ dúdú. Ẹni tó ń sá àdìrẹ ní Abẹ́òkúta láti aago 10 àárọ̀ di aago 4 ìrọ̀lẹ́ lè jóná dáadáa. Awọ wa kì í sábà pọ́n kí ojú rí i. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ á gbóná, á le, aṣọ á sì máa dùn ún. Ìrora náà máa ń le jù láàárín wákàtí 12 sí 24, ìdí nìyẹn tí ẹni tí ara rẹ̀ yá ní ìrọ̀lẹ́ fi lè jí láàárọ̀ kí èjìká rẹ̀ má gba aṣọ. Àfín àti ẹni tó ń fi ìpara bóra ló tètè ń jó jù. Ẹni tó ń lo oògùn doxycycline tàbí Septrin náà ní láti ṣọ́ra.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn ti inú oòrùn wọlé, kó ki ọwọ́ bọ igbá òrí tàbí ìgò àdín. Ohun ìpara gidi ni òrí, àsìkò rẹ̀ ni kò tíì tó. Ooru ṣì wà nínú awọ, ọ̀rá á sì dé e mọ́ ibẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ rẹ aṣọ òwú tó mọ́ sínú omi tútù, ẹ fún un díẹ̀, kí ẹ fi lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí aṣọ bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ tún un rẹ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Omi kànga tó mọ́ àti omi inú àmù dára fún un. Lọ́sàn-án gangan, omi táńkì orí ilé lè gbóná ju awọ yín lọ, ẹ fi ọwọ́ tọ́ ọ wò. Omi inú ọ̀rá tó ti dì gbagidi kò yẹ kó kan awọ yìí rárá, yìnyín á tún dá egbò tirẹ̀ kún un. Ó di ọjọ́ kejì tàbí kẹta, nígbà tí ibẹ̀ bá ti tutù, kí ẹ tó fi òrí fẹ́ẹ́rẹ́ pa á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ kàn án. Yàtọ̀ sí pé á ta yín, bí oòrùn bá tún pa awọ tí omi rẹ̀ wà lára rẹ̀, ibẹ̀ lè lé ròrò, kí àpá dúdú rẹ̀ sì pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Makilíìnì máa ń tutù lára fúngbà díẹ̀, àmọ́ kò fa ooru kankan jáde, ó sì ń mú awọ gbẹ. Sípíríìtì náà ń gbẹ ẹ́. Kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú? Ẹ gbé wọn tì títí awọ á fi san.

Ahọ́n erin (aloe vera) wúlò, bí a bá mọ̀ ọ́n gé. Àwọn tó ń gún gbogbo ewé rẹ̀ pọ̀ ni ara wọn ń yún, nítorí oje pupa rúsúrúsú abẹ́ èèpo rẹ̀. Ẹ gé ewé ìsàlẹ̀ tó nípọn, ẹ fi ojú ibi tí ẹ gé dojú kọlẹ̀ nínú ife fún ìṣẹ́jú 15 kí oje náà ro tán. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bẹ èèpo rẹ̀, inú rẹ̀ tó mọ́ gaara bí omi nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò ní apá.

Bí ó bá lé ròrò, ẹ má fi abẹ́rẹ́ bẹ́ ẹ. Awọ tuntun ń hù lábẹ́ omi yẹn.

Ẹ̀yin aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, bí sódà tí ẹ fi ń po aró bá ta sí yín lára, kì í ṣe oòrùn nìyẹn o. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Fún ìrora, àgbàlagbà lè lo parasitamọ́ọ̀lù 500mg méjì ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú má sáré gbé ibuprofen mì. Ẹ mu omi dáadáa. Bí ròrò bá bo ojú tàbí ẹ̀yìn, bí ibà, èébì tàbí òòyì bá wọ̀ ọ́, tàbí bó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, wà ní Ìdí-Àbà.

Bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ padà sídìí iṣẹ́ lọ́la, ẹ má wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tutù jọ̀pọ̀; oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Aṣọ aláró gbígbẹ, tó nípọn, tó sì bo ọwọ́ títí dé ọrùn ọwọ́ ni kí ẹ wọ̀.