Ọmọ tó láàánú tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì: àṣìṣe tí àwọn òbí àti olùkọ́ máa ń ṣe

Orúnkún ọmọ kan bó níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá sẹ́yìn, àfi ọ̀kan, ọmọ ọdún 6, tó jókòó tì í, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí kò dìde títí àgbàlagbà fi dé. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló máa sọ pé, “Nọ́ọ̀sì ni ọmọ yìí máa ṣe.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ọwọ́ àwa àgbàlagbà ló kù sí bóyá àánú yẹn á di iṣẹ́ tàbí á kú sí ọmọ náà nínú, ibẹ̀ la sì ti sábà máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Yíyin ẹkún láìkọ́ ọwọ́

Ọmọ tó ń sunkún nítorí pé ẹlòmíì ń sunkún, ó mọ ohun tó ń dun ẹnìkejì rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí egbò ń ro kò tíì rí nǹkan kan gbà. Bí ẹ bá ń yìn ín ṣáá pé “ọmọ yìí mà láàánú o,” omi ojú ló máa rò pé iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹ bi í pé, “Kí ló ń fẹ́ ká ṣe fún un báyìí?” Kí ẹ wá fi ohun tí agbára rẹ̀ ká hàn án.

Egbò kékeré dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́kọ́ pe àgbàlagbà, kó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tirẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí omi tó mọ́ ṣàn kọjá lórí egbò náà kí iyanrìn inú rẹ̀ lè jáde, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọmọdé ti máa ń kùnà nìyí: á fẹ́ máa ṣí aṣọ náà wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dá, bó bá sì ṣe ń ṣí i ni ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ dì á tún máa ya. Ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú 5 gbáko kó tó wò ó. Láti ọjọ́ kìíní ni kó ti mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì, bó ti wù kí àánú onítọ̀hún ṣe wá tó. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni ká wọ̀.

Àwọn àgbàlagbà náà ní àṣìṣe tí wọ́n ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n á ní kó gbójú sókè. Ọ̀fun ni ẹ̀jẹ̀ yẹn máa gbà wọ inú rẹ̀, ó sì lè mú kó máa bì. Iwájú ló yẹ kó tẹ̀ sí, kó fún ibi tó rọ̀ lára imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kó máa fi ẹnu mí. Ẹni tí omi gbígbóná bó, wọ́n á fi òróró tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á lára, bẹ́ẹ̀ ńṣe nìyẹn ń há ooru mọ́ ọn lára. Omi tútù tó ń ṣàn ni kí wọ́n fi rọ̀ ọ́ lára fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe omi yìnyín.

Sísọ àánú ọmọ di ẹrù

Nítorí pé ọmọ náà kì í kọ̀, òun ni wọ́n máa ń ní kó jókòó ti ẹni tó ń ṣàìsàn nílé, títí tó fi ń pa ilé ìwé jẹ. Kì í pẹ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á fi kórìíra ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 9 lè bu omi wá, ó lè kàwé sí aláìsàn létí, ó lè máa kọ iye ìgbà tó mumi sílẹ̀. Fífúnni lóògùn kì í ṣe tirẹ̀. Gbígbé àgbàlagbà nídìí kì í ṣe tirẹ̀ rárá, ẹ̀yìn ló ń bà jẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ gan-an kì í dá a ṣe: èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń tẹ́ aṣọ tó ń yọ̀ sábẹ́ aláìsàn kí wọ́n tó fà á. Ẹ sì sọ ọ́ fún ọmọ náà kedere pé bí ara aláìsàn kò bá yá, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

“Àánú ló ṣe pàtàkì, ẹ fi ìṣirò sílẹ̀”

Lójú tiwa, èyí ló burú jù nínú gbogbo wọn.

Ẹ wo oògùn olómi kan tí 125 mìlígíráàmù wà nínú 5 mìlílítà rẹ̀. Dókítà kọ 200 mìlígíráàmù fún ọmọ kan. Mélòó ni nọ́ọ̀sì máa fà? Á fi 125 pín 200, ó di 1.6. Á sọ ọ́ di ìlọ́po 5, ó di 8 mìlílítà. Ìṣirò kékeré ni lójú ẹni tó jókòó sílé, àmọ́ ẹ gbé e sí òru, kí aláìsàn méjì mìíràn máa pe nọ́ọ̀sì kan náà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dunjú máa fojú díwọ̀n ni.

Pọ́íǹtì náà tún ńkọ́? Bí ẹnì kan bá kọ .5 láìfi òdo síwájú rẹ̀, tí ojú ẹni tó ń kà á fo pọ́íǹtì yẹn, 5 ló máa fún aláìsàn, ìyẹn ìlọ́po 10 ohun tó yẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì pé kó kọ 0.5, kó má sì kọ 5.0, torí ẹni tí kò bá rí pọ́íǹtì inú rẹ̀ á kà á sí 50. Oògùn tó ti wọ ara, ojú àánú kò lè fà á jáde mọ́.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ti ń dárúkọ iṣẹ́ yìí láti nǹkan bí ọdún 10, ẹ jókòó tì í lórí ìdá àti ìpín. Ẹ fún un ní ṣíríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́, kó máa fi fa omi: 2.5, 5, 8 mìlílítà. Kó fi wọn omi inú ṣíbí mẹ́ta tó wà nílé. Á fojú ara rẹ̀ rí i pé wọn kì í sábà gba iye kan náà, kò sì ní fi ṣíbí ìjẹun wọn oògùn láyé rẹ̀. Bó bá dé ilé ìwé girama, ẹ má jẹ́ kó sá fún bàólọ́jì àti kẹ́mísírì.

Sísọ ìtàn fìtílà nìkan

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọmọ, fìtílà tó ń gbé káàkiri lóru láàárín àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ní Scutari nílẹ̀ Tọ́kì, lọ́dún 1854 sí 1856, ni wọ́n máa ń dúró lé. Wọ́n kì í sọ fún un pé obìnrin yìí kan náà kó iye àwọn tó kú jọ pẹ̀lú ohun tó pa wọ́n, tó yà á sínú àwòrán kí àwọn aláṣẹ lè rí i pé àrùn tó ṣeé dènà ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe ọgbẹ́ ogun. Lọ́dún 1860 ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas’ ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ tó bá gbọ́ ti fìtílà nìkan á rò pé rírìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àti títu èèyàn nínú ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Ẹ kọ́ ọ láti máa wò, kó sì máa kà. Kó jókòó ti ẹni tó ń sinmi, kó máa wo àyà rẹ̀: bó bá gòkè tó sì sọ̀kalẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Kó kà á fún odidi ìṣẹ́jú 1. Bó bá ka ìdajì ìṣẹ́jú tó sọ ọ́ di ìlọ́po 2, ó lè ṣì í, torí mímí aláìsàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba. Kó má sì sọ fún onítọ̀hún pé mímí rẹ̀ lòun ń kà, nítorí ẹni tó bá ti mọ̀ á yí bó ṣe ń mí padà. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le tó ń sinmi máa ń mí tó ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan.

Òyì ẹ̀jẹ̀, àti “iṣẹ́ obìnrin ni”

Bí òyì bá kọ́ ọmọ nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má sọ pé iṣẹ́ náà kò sí fún un mọ́. Kó dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ọ pé bó bá ti rí i pé òyì fẹ́ kọ́ òun, kó fún iṣan apá àti itan rẹ̀ le fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, kó dẹ̀ ẹ́, kó tún ṣe é bíi ìgbà 5. Ìyẹn kì í jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ lójijì. Ẹ má sì sọ fún ọmọkùnrin pé iṣẹ́ obìnrin ni, tàbí fún ẹnikẹ́ni pé ẹni tí kò lè ṣe dókítà ló ń ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ síra. Nọ́ọ̀sì ló ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn jálẹ̀ ọ̀sán àti òru, òun ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ti yí padà.

Ṣíṣàánú láìbéèrè

Ọmọ aláàánú máa ń yára gbá èèyàn mọ́ra. Ẹ kọ́ ọ kó kọ́kọ́ béèrè pé, “Ṣé kí n di ọwọ́ yín mú?” Bí onítọ̀hún bá kọ̀, kó fara mọ́ ọn. Ohun tó bá sì rí lára aláìsàn, ẹ má jẹ́ kó rò ó níta. Lọ́jọ́ tó bá di nọ́ọ̀sì, òfin iṣẹ́ rẹ̀ ló máa dè é, ṣùgbọ́n ẹnu tí kò kọ́ ìpamọ́ nígbà èwe, ó máa ń ṣòro fún un.

Sísáré sanwó ilé ẹ̀kọ́

Orúkọ ńlá àti ilé tó dára kò tó. Ẹ wádìí lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní orílẹ̀-èdè yín bóyá wọ́n fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí ìfọwọ́sí yẹn máa parí. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́, wákàtí mélòó ni wọ́n ń lò níbẹ̀, àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ kan ń mú lọ sí wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan. Bí wọn kò bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn tààrà, ẹ má tíì sanwó.