Kí Ẹrù Yín Má Baà Bọ́ Sọ́wọ́ Ẹlòmíràn

Ní gáréèjì kan ní Àkúrẹ́, ojú mi ni awakọ̀ kan ṣe gbé páálí sókè tó sì ké pé, "Ta ni Ìyá Bọ́lá?" Obìnrin kan ní òun ni, ó gba páálí náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò pé ìdajì wákàtí tí Ìyá Bọ́lá gan-an fi dé. Awakọ̀ yìí kì í ṣe olè. Ìbéèrè tó bi ni kò ní láárí, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló fi ìdáhùn sí obìnrin náà lẹ́nu, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sì wà gàdàgbà lára páálí fún ẹnikẹ́ni tó mọ̀wé kà.

Ohun tí a kò kọ sára ẹrù ni kí ẹ máa fi dá ara yín mọ̀. Kí ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti Èkó tó fà á lé awakọ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan, kí ó sọ ọ́ sí awakọ̀ létí, kí ó sì kìlọ̀ fún un pé ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ kò gbọdọ̀ gba ẹrù náà. Bí awakọ̀ bá ní òun kò lè rántí (wọ́n sábà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹrù pọ̀ lọ́wọ́ wọn), ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó pe nọ́ńbà ara páálí níṣojú ẹni tó wá gbà á. Bí fóònù kò bá dún lọ́wọ́ onítọ̀hún, àṣírí ti tú. Ọ̀nà kejì yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, lẹ́tà rẹ́jísítà àti ẹrù EMS (ètò ìfìwéránṣẹ́ tó máa ń yá) tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Nàìjíríà máa ń ní nọ́ńbà tìrẹ̀: lẹ́tà ábídí méjì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà NG. Òun ni a fi ń tọpa ẹrù, nítorí náà ẹ má gbé àwòrán rìsíìtì sórí WhatsApp, bó ti wù kí inú yín dùn tó. Bí ẹ bá rán ọmọ lọ gbà á, ẹ kọ ìwé àṣẹ tó ní orúkọ ọmọ náà, ọjọ́, àti ìfọwọ́sí yín. Bí wọ́n bá béèrè ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀, ẹ fi bírò kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé torí ẹrù yìí nìkan ni, nítorí NIN oní-nọ́ńbà 11 tó wà lára rẹ̀ ṣeé lò níbi tí ẹ kò rán an lọ. Ẹni tó bá sì ń gba lẹ́tà nípasẹ̀ P.M.B. 704, àpò lẹ́tà ti FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, kí ó máa fi ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ sí àdírẹ́sì, torí gbogbo ará yunifásítì náà ló jọ ń lò ó.

Irú ìbéèrè tí awakọ̀ yẹn bi, tí ẹlòmíràn lè dáhùn, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà náà bi í. Ní 2018, Secret Service, àjọ ìjọba ibẹ̀ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, kìlọ̀ pé àwọn olè ń fi orúkọ onílé wọ Informed Delivery, ètò tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀ fi ń fi àwòrán lẹ́tà tó ń bọ̀ han ẹni tó ni ín, kí wọ́n lè mọ ọjọ́ tí káàdì báńkì máa dé. Ẹ sọ fún ẹbí yín tó wà níbẹ̀ pé bí lẹ́tà bá dé pé ẹnì kan ti fi àdírẹ́sì wọn wọ ètò náà, kí wọ́n má ṣe jù ú nù.

Bí ẹrù bá ti lọ, ẹ má kọ́kọ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Bó bá jẹ́ káàdì ATM ló wà nínú rẹ̀, báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè kí wọ́n ti káàdì náà pa, lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú rìsíìtì àti nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí ti ẹrù lọ fẹjọ́ sùn lọ́jọ́ náà gan-an.