Bí mo ṣe tẹ CV ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ di VC

Pírójẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ ni iṣẹ́ tó mọ́ mi lára jù nídìí kọ̀ǹpútà mi ní Mayfair, nílé-Ifẹ̀ níbí. Ọjọ́ tí Bàbá, ọ̀jọ̀gbọ́n kan, gbé páálí mílíìkì kan wọ ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé ìwé ìdánwò ló kún inú rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, gbogbo iṣẹ́ ayé mi ló wà nínú páálí yìí. Fásitì kan ń wá VC, ọ̀gá àgbà tuntun. Ẹ bá mi tẹ CV, àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ mi. Ọjọ́ méjìlá ló kù."

Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní. Píìnì ti dípẹtà, ikán ti jẹ etí àwọn lẹ́tà kan. Lẹ́tà ìgbéga ni mo kọ́kọ́ tò, láti ìgbà tí wọ́n gba Bàbá síṣẹ́ títí dé orí Professor. Ìyẹn ò le. Orúkọ fásitì ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí wọn ti 1986, University of Ife ló wà lára rẹ̀. Ti másítà, ní 1989, Obafemi Awolowo University. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti fẹ́ sọ méjèèjì di ọ̀kan, mo ní kó má dán an wò. Oṣù Karùn-ún 1987, tí Awólọ́wọ̀ kú, ni ìjọba yí orúkọ padà, nígbà tí Wándé Abímbọ́lá jẹ́ VC. Bí ìwé ẹ̀rí bá ṣe pe ara rẹ̀ ni kí CV pè é.

Ibi ipò àbójútó la ti jókòó pẹ́. Bàbá ti da HOD (olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́), Díìnì (olórí faculty, ìyẹn àpapọ̀ ẹ̀ka) àti kọ̀mítì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n pọ̀ bí ẹ̀wà àti àgbàdo. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni wọ́n kàn fi yín sí, èwo ni wọ́n dìbò yàn yín sí?" Wọ́n wò mí títí. VC ló ń yan HOD, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ faculty ló dìbò yàn wọ́n ní Díìnì, ẹ̀ẹ̀mejì pàápàá. Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká fi pamọ́ sábẹ́ kọ̀mítì ìgbálẹ̀?

Mo tún bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn lo ọdún mẹ́rin. Mo ní, "Ìyẹn ni iye ọdún, sà. Olúwasanmí ará Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà jẹ VC láti 1966 dé 1975. Abẹ́ rẹ̀ ni fásitì yìí ti kó kúrò n'Íbàdàn wá sí Ifẹ̀ ní 1967. Ta ló ń ka iye kọ̀mítì tó jókòó sí?" Bàbá rẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: bí èsì ìdánwò ṣe máa ń pẹ́ kó tó jáde, bí àwọn ṣe ń gba ìwé lọ́wọ́ olùkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, nílé nígbà mìíràn. Ìyẹn ni mo tẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké, mo rí i pé CV ní Bàbá jẹ́ HOD láti 2004 sí 2007, ó sì ní wọ́n wà ní sabbatical, ìyẹn ìsinmi ọdún kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ní 2005 sí 2006. Mo pè wọ́n lóru náà. Ẹlòmíràn ló di ipò náà mú lọ́dún yẹn, wọ́n ti gbàgbé! A pín ìlà náà sí méjì. Ká ní ìgbìmọ̀ ló rí i ni, irọ́ ni wọ́n ì bá pè é.

Ojú ewé mẹ́tàdínláàádọ́ta, ẹ̀dà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rọ gbóná títí a fi ń fi páálí fẹ́ ẹ. Bàbá ní ìgbìmọ̀ tí Council (àwọn aláṣẹ fásitì) àti Senate (àwọn àgbà olùkọ́) jọ gbé kalẹ̀ ni yóò kà á, tí wọn yóò sì fi orúkọ mẹ́ta ránṣẹ́ sí Council. Ẹni tó bá wọlé, ọdún márùn-ún péré, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo làálàá yìí torí ọdún márùn-ún!

Wọn ò mú Bàbá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́tà kan péré lọ́wọ́: wọ́n ti di alága kọ̀mítì tó ń gbàlejò níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde.

"Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi wá àyè fún un."

Ojú ewé kọkàndínlógójì ni mo fi í sí.